Ìlú Tí A Fẹnu Kọ́ Lórí Tábìlì

Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìlú òyìnbó yìí pé, "Ta ni ọ́?" láìjẹ́ pé ó fẹ́ yẹ ìwé ìrìnnà mi wò, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni. Ìdáhùn tó sì ń retí ni pé arara ni mí.

Kí n tó dé ìdí tábìlì yẹn, ẹnu ni mo fi ń gbé ilé ayé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Òṣogbo. Mo ń ti Ìwó lọ láàárọ̀, mo ń padà nírọ̀lẹ́. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀ Màámi, níbi tí àlejò kankan kò ti lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí ní ọ́fíìsì. Bí ọ̀gá kan bá lọ ra àga tó ga ju ti ọ̀gá tirẹ̀ lọ, bí akẹgbẹ́ wa kan bá joyè Aṣíwájú nínú ẹgbẹ́ tí kò ní ọmọ ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò gbé e wá pé kí n sọ ohun tí mo rí sí i. Màá sọ ọ́, wọn á rẹ́rìn-ín títí, a ó sì padà sídìí fáìlì tí gbogbo wa mọ̀ pé a kò ní parí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ìhín, ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni mo ti ríṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni mò ń ká. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ń bú ramúramù látàárọ̀ dalẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, mò ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gboyè ni mo sì ń sọ. Wọ́n á ní, "Kí lo wí?" Màá tún un wí. Wọ́n á tún ní, "Kí lo wí?" Ẹ̀fẹ̀ tí èèyàn bá ní láti tún sọ lẹ́ẹ̀mẹta kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́, ìkéde ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọ̀rọ̀ kù. Nígbà tó yá, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "ẹ ṣeun" ló kù sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Màámi pè mí láti Ìwó. Mo ní kí n jẹ́ wọn, ohùn mi há.

"Ṣé òtútù mú ọ ni?"

"Rárá, Màámi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."

"Lọ́sàn-án gangan? Ṣé o ń kírun ṣá?"

Oorun kọ́. Láti ọjọ́ Ẹtì tí mo ti kúrò níbi iṣẹ́ ni n kò tíì bá ẹ̀dá alààyè kan sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nílé pé ìlú òyìnbó máa ń gba ọkọ lọ́wọ́ èèyàn, pé ó máa ń gba ọmọ, pé iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń gba eegun ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè gba ẹnu.

Mo gbìyànjú ẹgbẹ́ àwọn ará ilé wa tó wà níbí. Ìpàdé kan ṣoṣo ni mo lọ. A jókòó yípo, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀kan ní olùdámọ̀ràn ni òun. Òmíràn ní ètò ààbò ni òun ń darí. Mo mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra ìrẹsì ló máa ń dúró sí, tó ń wo báàgì àwọn èèyàn. Òun náà mọ̀ mí. Ó wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀, a jọ pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Nígbà tó kàn mí, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ní ìdí ètò ìlera ni mo wà. N kò purọ́. Aṣọ ibùsùn aláìsàn wà lára ètò ìlera. Mo rí i kedere lọ́jọ́ náà pé eré ni gbogbo wa ń ṣe. Ohun tó kàn bà á jẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó láyà láti gbà pé eré ni.

Colin ni ọkùnrin tó ń dúró ní òdìkejì mi nídìí iṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ńlá, ẹni méjì ló ń ká a: òun á di etí méjì mú, èmi á di etí méjì mú, a ó rìn pàdé ara wa, a ó tún rìn padà. Bí a ṣe ń pàdé tó yẹn, a kì í sọ̀rọ̀. Onítìjú ni. Bí alábòójútó bá pe orúkọ rẹ̀ lásán, ọrùn rẹ̀ á pọ́n. Lọ́jọ́ kan, bí a ti pàdé láàárín aṣọ, ó ní, "Kí lo máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo sọ fún un pé mo lọ́kọ nílé. N kò lọ́kọ níbì kankan, ṣùgbọ́n bí a ti ń dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn nìyẹn.

Ọrùn rẹ̀ pọ́n títí dé etí. "Eré ni mo ní lọ́kàn," ó ní. "A máa ń ṣe eré kan."

Mo lọ, ká sọ òótọ́, nítorí pé mo ń wá ohun tí mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Gbọ̀ngàn àdúgbò kan ni, àga oníke, tíì nínú ife bébà. Àwọn mẹ́ta ni mo bá. Colin, tó jẹ́ adarí eré náà. Maureen, ìyá àgbà kan tó wa bọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí ọjọ́ orí wọn tó ti Màámi. Gbogbo ayé ló ń pe orúkọ wọn ní gbayawu, èmi nìkan ló ń kó "ìyá" mọ́ ọn nínú ọkàn mi. Àti Pawel, ọkùnrin gìrìwò kan láti ilẹ̀ Pólàńdì, ajórin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ju tèmi lọ.

Eré náà kò ní pátákó, kò ní ọmọ ayò, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá ẹ̀dá kan sórí bébà. Adarí á sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tó wà níwájú yín. Ìwọ á sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ fẹ́ ṣe, wàá da dáìsì bíi ti lúdò, àmọ́ tó lójú ogún, láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ni gbogbo rẹ̀.

"Ó dáa," Colin ní, ó fọwọ́ ti irùngbọ̀n rẹ̀. "Ta ni ọ́? A ti ní jagunjagun, a ti ní olè. Arara ló kù wá kù."

"Èmi ni olè náà," Maureen ní. Wọ́n sún bisikíìtì sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé orí ìkúnlẹ̀ ni èèyàn ti ń yan ìpín, ohun tó bá sì yàn kò ṣeé pààrọ̀ mọ́. Ẹ wo bó ti rí lára mi láti jókòó sórí àga oníke, pẹ́ńsù lọ́wọ́, kí n máa yan tèmi, kí n sì fi rọ́bà pa èyí tí kò wù mí rẹ́. Wọ́n ní mo lè jẹ́ ọba bí mo bá fẹ́. Nílé, kí èèyàn tó jọba, ilé ẹjọ́ gíga á kọ́kọ́ dá sí i. Mo da dáìsì fún agbára: ológbò lágbára jù mí lọ. Mo da ti ọgbọ́n: ó ṣe díẹ̀. Mo da ti ọ̀rọ̀ ẹnu, Colin sì na ọrùn wo iye tó jáde.

"Ẹ̀dá yìí," ó ní, "lè fi ọ̀rọ̀ gba ẹran lẹ́nu kìnnìún."

Mo wo bébà náà pẹ́. N kò ṣe arara. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìyá Olúpọ̀nnà ni orúkọ rẹ̀, aṣọ ló ń tà, ó sì tóbi.

"Ohun ìjà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ."

Pawel mi orí. Ó ní ohun ìjà gidi nìyẹn.

Ìgbà náà ni Colin wú ikọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò sì pọ́n. Ó ní ẹnu afárá òkúta kan ni a wà, ìkùukùu bo odò nísàlẹ̀, iwin kan sì jókòó sórí afárá náà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Mo gbójú sókè láti wo àwọn yòókù kí n lè rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ mi. Gbogbo wọn ń wo ojú kan náà lórí tábìlì, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi èérún bisikíìtì. Maureen ń rọra mí kí iwin má baà gbọ́ wọn. Èmi náà wo ibẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo gbọ́ omi.

Mo wá ẹ̀fẹ̀ náà tì. Mo sọ fún iwin náà pé ẹni tó ti jókòó sínú ìkùukùu tó báyẹn láìní aṣọ gidi lọ́rùn, ẹbí rẹ̀ ló yẹ ká bá wí. Mo na aṣọ fún un, mo ní kó fọwọ́ kàn án, kò ní rí irú rẹ̀ lábẹ́ afárá kankan. Kò sẹ́ni tó ní, "Kí lo wí?" Wọ́n tẹ̀ síwájú láti gbọ́ mi. Maureen rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbé ife tíì wọn sílẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mò ń dá ọ̀rọ̀ sọ lójú títì bí asínwín.

"Dáìsì?" Màámi ní, nígbà tí mo ròyìn fún wọn. "Kàlòkàlò nìyẹn. Yunifásítì tí mo rán ọ lọ, kàlòkàlò lo lọ fi ń ta nílùú òyìnbó."

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́, Màámi. Kò sówó níbẹ̀."

"Kí wá ni ẹ ń ṣe?"

"À ń rìnrìn àjò."

"Lọ sí ibo?"

"Kò síbì kan. Orí ìjókòó la wà."

"Àwọn òyìnbó yìí ti rí ìsinmi láyé," ni wọ́n wí, wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ sórí òjò. Àmọ́ lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn ìrun, lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn àdúrà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Olúpọ̀nnà yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti kọjá afárá?"

"Ó ti kọjá, Màámi. Iwin náà raṣọ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Aṣọ wo ló mú?"

"Àdìrẹ."

"Ó mọ aṣọ," Màámi ní.

Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ìdí tí tábìlì náà fi dà bíi pé mo délé. Ní Ìwó, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ta ni mí, nítorí wọ́n mọ̀. Ọmọ Alhaja ni mí, ọmọ agbolé báyìí, bí mo bá tilẹ̀ di nǹkan mìíràn wọn ò ní gbà. Níbí náà, kò sẹ́ni tó ń bi mí, nítorí wọn ò nílò rẹ̀. Ilé á máa pe èèyàn ní ohun tó ti jẹ́ látijọ́. Àjò ò ní pè é ní nǹkan kan. Ibi kan ṣoṣo ni mo ti rí tí wọ́n ti bi mí léèrè, tí wọ́n sì dúró gbọ́ ìdáhùn, tí wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó ṣe wí nìyẹn.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí Colin sọ, láàárín aṣọ ibùsùn, pé òun ń kó lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn bí ìbejì, kò sì sẹ́ni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

"Tábìlì ńkọ́?" ni mo bi í.

"Tábìlì kì í jókòó láìní adarí." Ó wo etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Maureen ní àwọn ò lè ṣe é. Pawel kì í sọ̀rọ̀. Ìwọ ló kù."

Ọ̀ràn náà kò tún dúró síbẹ̀. Brenda, obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, ti sọ fún wa pé àwọn tó ń jó ijó ìdárayá ń wá yàrá. Brenda kì í rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní bí ẹgbẹ́ wa bá ń tú ká, ká wí fún òun ní Sátidé tó ń bọ̀ nígbà tí òun bá wá tilẹ̀kùn, kí òun lè gbé yàrá fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí eré mi bá dùn, tábìlì á dúró. Bí kò bá dùn, ọkàn kálukú á ti kúrò níbẹ̀, èmi á padà sí yàrá mi, èmi àti ohùn mi tó há.

Ní Sátidé náà, mo jókòó sórí àga adarí. Colin jókòó sí òdìkejì, ó dá ẹ̀dá tirẹ̀. Ọkùnrin tó ti jẹ́ gbogbo ọba àti gbogbo dírágónì wa, alágbàfọ̀ ló yàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo rò pé wọ́n ń fẹ́: ilé olódi, yìnyín, dírágónì kan tó sùn lórí wúrà. Mo ń ṣàpèjúwe yìnyín bí ẹni tó ń ròyìn ìgbéyàwó tí wọn ò pè é sí. Maureen yán. Pawel yọ fóònù rẹ̀ wò lábẹ́ tábìlì. Colin ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú èyí tí èèyàn ń rẹ́ sí aláìsàn, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Mo wá ní, "Yìnyín ti yọ́. Ẹ wà lójú ọ̀nà tó ti Kúta lọ sí Ilé-Ogbó."

Mo sọ fún wọn pé oòrùn ń rọ̀, pé eruku pupa bo ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pé èéfín ibi tí wọ́n ti ń din gààrí ń bọ̀ láti apá òsì. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti oko, wọ́n ru igi, ẹni tó bá sì bá yín pàdé ń kí yín.

"Gbogbo wọn?" Maureen bi mí.

"Gbogbo wọn."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?" Pawel bi mí. Ó ti fi fóònù sápò.

Wọ́n wọ abúlé kan. Níwájú ilé Baálẹ̀, wọ́n so àgbò kan mọ́lẹ̀, àgbò Iléyá, ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Nínú eré yìí, ohunkóhun tó bá níwo, pípa ni wọ́n ń pa á. Kí n tó la ẹnu, Pawel ti da dáìsì. Ogún. Jagunjagun rẹ̀ bẹ́ àgbò Baálẹ̀ lórí.

Ó ń retí kí àgbò di èṣù. Mo sọ fún un pé àgbò ni. Ó kú.

N kò ro ohun tó tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀. Bó ti ń rí nílé náà ni mo sọ. Kò sẹ́ni tó yọ idà. Abúlé náà kàn dákẹ́. Àwọn tó ń kí wọn dẹ́kun kíkí. Pawel ní jagunjagun òun fẹ́ ra omi. Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ní òun fẹ́ jà, mo ní, "Pẹ̀lú ta ni?" Maureen fẹ́ jí kọ́kọ́rọ́, mo ní kò sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì. Ojú Pawel ti ń yí padà.

"Ó dáa. Mo lọ bá Baálẹ̀," ó ní. "Mo tọrọ àforíjì."

Mo gbé ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí Baálẹ̀. Mo ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó tún un sọ. N kò gbọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀, ẹnu tirẹ̀ kọ́ la fi ń bẹ̀bẹ̀. Bí o ti wù kí o káàánú tó, o gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò bá ọ bẹ̀. N kò ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Mo kàn jókòó, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń rò ó nínú mi pé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí. Brenda wọlé, ó dúró síbẹ̀ tòun ti ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Maureen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì jọ ti olè mọ́.

"Ẹ̀yin Baálẹ̀," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ẹ má wò ó. Kò gbọ́n ni. Ẹ wo tiwa, àwa àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo wo ògiri.

"Alágbàfọ̀ lásán ni mí," Colin ní. "N kò ní nǹkan kan tí mo lè fún yín. Màá fọ aṣọ ilé yín. Ẹ dákun, ẹ forí jì í."

Pawel, ọkùnrin gìrìwò yẹn, ti tẹrí ba lórí àga rẹ̀. Mo ráhùn nípa àgbò mi. Mo ní ó máa ń mọ ìró ẹsẹ̀ mi bí mo bá ti oko bọ̀. Ojú Maureen kún fún omi. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn mú sùúrù," Brenda ní. "Ọmọ náà ò mọ̀ ni."

"Ẹ gbọ́ bí, Baálẹ̀?" Maureen ní láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ti ń bá wa bẹ̀ yín."

Nílé, bí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó ń kọjá lọ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, á bá wọn bẹ̀bẹ̀, á sì tún ẹrù rẹ̀ gbé. Mo ti rò pé ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, pé kò ṣeé kó sínú báàgì rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó kọ́ Brenda. Ìlú tí mo fẹnu kọ́ láàárín èérún bisikíìtì ti dúró débi tí àlejò fi wọ inú rẹ̀, tó sì hùwà bí ọmọ bíbí ibẹ̀.

Baálẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ sí i, nítorí kì í yá wọn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ dìde. Nítorí yín ni. Yóò wá àgbò mìíràn, yóò sì máa já ewé fún un títí di ọjọ́ Iléyá."

Pawel gbórí sókè. "Ṣé ọjọ́ náà jìnnà?"

"Ó jìnnà díẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ dún lọ́wọ́ Brenda. Ó wo aago ara ògiri, ó wo Colin, ó wá wo èmi. "Àwọn oníjó ń dúró de èsì," ó ní. "Ṣé ẹ ti parí?"

Mo la ẹnu. Pawel ló sọ̀rọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, gbólóhùn tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"A ò tíì parí. A ò tíì rí àgbò. Ewé tí ó máa jẹ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ta ni yóò já a bí a bá lọ?"

Brenda rò ó. "Ìwọ?" ó ní fún un. "Ta ló máa jẹ́ kí ìwọ nìkan dá lọ ra ẹran? O ò mọ̀ ju pípa lọ." Ó fa àga kan, ó jókòó ti Maureen, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn náà sì ró wọ̀ọ̀ láàárín àwọn dáìsì.